Corvette Tó Dán Jù

Sí Olóòtú,

Òǹkọ̀wé yín tó ní kí àwọn tó ń tún ọkọ̀ Corvette àtijọ́ ṣe kùn ún kó dán ju ti ilé iṣẹ́ lọ ti da iṣẹ́ méjì pọ̀. Títún ọkọ̀ ṣe bó ṣe wà yàtọ̀ sí ṣíṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀dà lacquer ni wọ́n ń lò ní ilé iṣẹ́ Corvette ní St. Louis, ìgbà tí iṣẹ́ kó lọ sí Bowling Green ní 1981 ni ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń bo àwọ̀ lórí dé. Ẹni tó bá fi í bo ọkọ̀ 1965 ti fún un ní dídán tí kò ní lọ́jọ́ tó jáde nílé iṣẹ́. Abájọ tí NCRS, ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún Corvette ṣe ní Amẹ́ríkà, fi ń yọ máàkì fún àṣejù.

Àwọn kan ní lacquer máa ń là, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń ṣá. Òótọ́ ni. Ẹni tó fẹ́ máa wà á lójoojúmọ́ lè lo ọ̀dà òde òní, bó bá ti lè sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pe tirẹ̀ ní ojúlówó kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pa àmì ọwọ́ òṣìṣẹ́ rẹ́, ìbáà jẹ́ ọ̀dà tó ta sí ibi tí kò yẹ. Kó tó fi sáńpépà kan ọkọ̀ náà, kó kọ́kọ́ wá ọ̀dà àtijọ́ tó kù lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, kó sì ya fọ́tò rẹ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín