Ìjánu Ńlá, Tàbí Òróró Tuntun?

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Àjàṣẹ́ wá bá wa pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́. Iye owó ìjánu ńlá tí ó fẹ́ rà fún ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ sínú rẹ̀: àwo irin iwájú méjì, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní disque, tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 345 mm, àti étrier pupa méjì tí yóò máa fún wọn mọ́ra. Ó ti kó àjọ rẹ̀, owó náà sì pé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n rà á?"

Golf GTI ìran karùn-ún ni ọkọ̀ rẹ̀, èyí tí Volkswagen gbé jáde ní ọdún 2004, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní agbára ẹṣin 200. Àwo 312 mm ni ó bá iwájú rẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́. Bíi ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń gba èbúté Kútọnu wọlé, ó ti sìn ní Yúróòpù fún ọdún púpọ̀ kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì ló gbé e wá. Òun, àbúrò rẹ̀ obìnrin àti ọ̀rẹ́ méjì ni wọ́n ń lọ sí ìgbéyàwó kan ní Kara, ní ilẹ̀ Tógò. Bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní òkè Alédjo, níbi tí ọ̀nà àtijọ́ ti gba àárín àpáta kọjá, ó ń tẹ ìjánu láìgbẹ́sẹ̀ kúrò. Lójijì pédale rì títí ó fi kan ilẹ̀ ọkọ̀, ọkọ̀ kò sì dúró. Vitesse kékeré àti ìjánu ọwọ́ ni ó fi gba ẹ̀mí èèyàn mẹ́rin là. Nígbà tí wọ́n sinmi díẹ̀, pédale tún le bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Àbúrò rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì padà wálé. Ó ní òun kò tún ní jókòó nínú ọkọ̀ náà mọ́.

Kí ọkọ̀ tó dé ni àwọn baba wa ti ń pe ohun tí a fi sí ẹnu ẹṣin ní ìjánu. Ẹni tí ẹṣin rẹ̀ kò gbọ́ ìjánu kì í kọ́kọ́ sáré lọ ra èyí tó tóbi jù ú lọ. Yóò wo ẹnu ẹṣin, yóò wo okùn, yóò sì wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi bi ọ̀dọ́mọkùnrin yìí pé: nígbà tí ọkọ̀ kò dúró, báwo ni pédale ṣe rí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ?

Bí ó bá rì bí ìgbà tí a tẹ tìmùtìmù, òróró ìjánu ni kí ẹ fura sí. Òróró yìí a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ etí ọ̀sà tiwa yìí sì tutù púpọ̀. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230°C. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, òdiwọ̀n náà já sí 155°C. Bí ó bá hó, ó di afẹ́fẹ́. Òróró kò ṣeé fún pọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, agbára ẹsẹ̀ yín yóò sì parí sórí rẹ̀. Bí ó bá tutù, yóò padà di òróró, bí ó ti rí ní Alédjo gẹ́lẹ́. Bí pédale bá le, tí ọkọ̀ sì ń lọ síbẹ̀, plaquettes ni ooru ti borí. Bí ABS bá sì ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀, ìjánu ti ṣe tirẹ̀ tán. Táyà ni kò di ilẹ̀ mú mọ́, kò sì sí àwo irin tí ó lè ràn án lọ́wọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń náwó sí ibi tí kò yẹ.

Àwo ńlá ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọkọ̀ tí òun àti èrò inú rẹ̀ wọn 1 600 kg, bí ó bá ń sá eré 100 km/h tí ó sì dúró, ooru tí yóò jáde lára ìjánu rẹ̀ tó láti mú omi lítà méjì hó. Ní 50 km/h, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ni. Irin púpọ̀ gba ooru púpọ̀ sára. Ẹni tí ń díje lórí pápá, tàbí tí ó ti fi kún agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí ó rà á. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo jante 17 ni 345 mm lè wọ̀.

A bá a lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Òróró náà dúdú bíi kọfí, bẹ́ẹ̀ ọdún méjì-méjì ni ó yẹ kí a máa pààrọ̀ rẹ̀. Étrier ẹ̀yìn kan ti há. Lára táyà kan, nọ́ńbà mẹ́rin tó parí àmì DOT rẹ̀ jẹ́ 3211: ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n ọdún 2011. Nígbà tí wọ́n sì fọ eruku kúrò lára étrier iwájú, pupa ni ó yọ; bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kùn ún láti ilé iṣẹ́. A rẹ́rìn-ín, òun kò rín.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ó má rà á. Kí ó ra òróró tuntun, plaquettes gidi àti táyà mẹ́rin tó bára mu, kí wọ́n sì tú étrier tó há. Bí ó bá so àwo ńlá mọ́ òróró dúdú yẹn, ó kàn fún un ní àyè díẹ̀ sí i kí ó tó hó ni. Bí ó bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, kí ó fi vitesse kékeré dá ọkọ̀ dúró, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má gbé orí ìjánu.

Inú rẹ̀ kò dùn, a kò sì bá a wí. Ta ni kò fẹ́ kí ojú rí ohun tí òun náwó sí? Ṣùgbọ́n ó ti ṣe é. Ìwé iye owó náà ṣì wà nínú àpò ọkọ̀ rẹ̀, a rí i níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ti gbà láti bá a lọ sí Kétu ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, àmọ́ ó ní òun fúnra òun ni yóò kọ́kọ́ tẹ pédale náà wò.