Èmi Ni Oòrùn Pa, Èmi Náà Ni Mo Ní Ká Padà Lọ

Èmi ni ọmọbìnrin tí wọ́n gbé kúrò nínú oko ẹ̀gẹ́ ní ìhà Ọ̀kẹ́-Ẹ̀rì ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá. Bí ẹ bá ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ìtàn náà, kí ẹ sì ti gbọ́ ọ ju bó ṣe ṣẹlẹ̀ lọ. Àwọn kan ní mo kú, mo sì jí. Àwọn kan ní iwin inú Ẹrẹdò ló gbá mi létí. Kò sí iwin kankan níbẹ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan ni, àti ìgò omi kan ṣoṣo tí èmi àti ẹnìkejì mi jọ ń mu.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, wọ́n kéde ní àpéjọ òwúrọ̀ pé ẹgbẹ́ wa kò gbọdọ̀ jáde nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ mọ́ láti lọ ṣe eré wíwá ọ̀nà nínú igbó. Wọ́n dárúkọ mi gẹ́gẹ́ bí ìdí. Nígbà tí wọ́n tún un sọ ní ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́, àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Ìyá mi wà lára wọn. Mo ń fi àròkọ yìí sọ pé òfin náà kò tọ́, pé kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni, àti pé bí ó bá jẹ́ nítorí tèmi ni, mo bẹ̀ yín, ẹ fagi lé e.

Eré tí mò ń sọ yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní orienteering. Wọ́n á fún ọ ní máàpù àti kọ́ńpáàsì. Wọ́n á ti lọ fi àmì sí ibi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sí ẹ̀yìn igi, sí ẹ̀bá odò, sí orí òkìtì. Ìwọ ni yóò wá wọn rí lọ́kọ̀ọ̀kan bí nọ́ńbà wọn ṣe tẹ̀ léra, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ parí ló gbégbá orókè. Ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ni a fi ń sá a. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá tí kò lè ka máàpù, kíákíá náà ni yóò sọnù.

Orílẹ̀-èdè Swídìn ni eré náà ti wá. Ní oṣù kẹta ọdún 1919, sójà kan tó tún jẹ́ aṣáájú àwọn ọmọ Síkáòtù, Ernst Killander, ṣe ìdíje ńlá kan nítòsí Stockholm, nítorí ó rí i pé eré sísá ti ń sú àwọn ọ̀dọ́. Àwọn tó kópa lé ní igba. Ẹ kíyè sí oṣù náà o. Oṣù kẹta ni ní Swídìn, níbi tí òtútù ṣì wà nílẹ̀. Oṣù kẹta náà ni àwa lọ tiwa nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, nígbà tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ń jó orí ènìyàn bí iná. A gba eré lọ́wọ́ àwọn ará ibi tútù, a kò sì fi ohunkóhun kún un fún ilẹ̀ tiwa. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an.

Wọ́n ní eré yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago méje òwúrọ̀. Aago méje lù, ọkọ̀ tí yóò kó wa kò tíì dé. Nígbà tí ọkọ̀ dé, tí a sì dé ibẹ̀, a tún ń dúró de àlejò pàtàkì tí yóò gbà wá níyànjú. Àlejò dé, ó gbà wá níyànjú fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ó wà lábẹ́ àtíbàbà. Àwa tò sórí ìlà nínú oòrùn, a ń pàtẹ́wọ́. Aago mẹ́wàá ti kọjá dáadáa kí wọ́n tó fọn fèrè pé ká máa lọ, púpọ̀ nínú wa sì ti mu ìdajì omi ọwọ́ wa.

Àmì márùn-ún àkọ́kọ́ kò ṣòro. Inú Ẹrẹdò ni wọ́n wà. Fún ẹni tí kò bá tíì dé ibẹ̀ rí, yàrà ni Ẹrẹdò, odi náà sì ni. Àwọn baba ńlá wa gbẹ́ ilẹ̀ jìn, wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ jọ sókè ní ẹ̀gbẹ́ kan, tó fi jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ yàrà dé góńgó òkìtì lè tó 20 mítà níbòmíràn. Ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Bílíkísù Sùngbọ́ ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún, obìnrin tí àwọn ènìyàn ń lọ bẹ sàréè rẹ̀ wò ní Ọ̀kẹ́-Ẹ̀rì títí di òní. Inú rẹ̀ tutù bí inú àmù. Igi ńlá ńlá bò ó lókè, ohun aláwọ̀ ewé rírọ̀ kan sì bo ògiri rẹ̀ bí kápẹ́ẹ̀tì. Mo ti kọ́ ní kíláàsì pé bí àwọn ìlà bá sún mọ́ra lórí máàpù, ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọjọ́ tí mo fi ọwọ́ àti orúnkún gun ògiri yẹn ni mo tó mọ ohun tí gbólóhùn náà ń sọ.

Láti àmì kẹfà, ó di pé ká jáde nínú yàrà, ká la oko ẹ̀gẹ́ kọjá lọ sí ìhà ìlà oòrùn, nǹkan bí 400 mítà. Mo gbé kọ́ńpáàsì sọ́wọ́. Ẹnìkejì mi dúró tì mí pẹ̀lú àdá tí a fi ń ṣán igbó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí àdá yẹn. Mo wo abẹ́rẹ́, mo yan ibi tó tọ́ka sí, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀. Ẹsẹ̀ wa pé, a kò rí àmì. Òfin àkọ́kọ́ fún ẹni tó bá sọnù ni pé kó padà sí ibi tó mọ̀ kẹ́yìn. A kò padà. A ní ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀, a sì ń yí kiri nínú oko tí kò ní igi kan ṣoṣo, lórí iyẹ̀pẹ̀ tó gbóná gba inú bàtà wa kọjá. Mo fa fóònù yọ. Ó kọ ọ́ sójú pé òun ti gbóná jù, kí n jẹ́ kí òun tutù ná. Fóònù pàápàá ní òun kò lè ṣe é.

Mo wá kọ́ ohun kan lọ́jọ́ náà tí n kò rí nínú ìwé kankan ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Ohun tí oòrùn kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn kì í ṣe agbára ẹsẹ̀. Làákàyè ni. Mo ka ìṣísẹ̀ dé ogójì, mo tún ka ogójì, n kò sì mọ̀ pé mo ti kà á tẹ́lẹ̀. Mo ń bínú sí ẹnìkejì mi láìnídìí. Orí ń fọ́ mi, èébì ń gbé mi, ara mi sì ń bù tìì nínú ooru yẹn. Máàpù wà lọ́wọ́ mi, mo ń wò ó, n kò sì lè kà á. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ ni mo rántí.

Ìyá àgbà kan tó ń sinmi lábẹ́ igi létí yàrà ló gbọ́ igbe ẹnìkejì mi. Ó ní kí wọ́n gbé mi padà sínú Ẹrẹdò, sí ibi tó tutù. Ó tú bọ́tìnnì ọrùn mi, ó rẹ ìborùn rẹ̀ sínú omi, ó fi nù mí lọ́rùn àti lábíyá, ó sì ń fi ewé fẹ́ mi. Ẹnìkan fẹ́ da omi sí mi lẹ́nu, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò: "Ẹ jẹ́ kó lajú ná! Ṣé ẹ fẹ́ kí omi há a lọ́fun ni?" Nígbà tí mo lajú, ó fún mi ní omi díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn àgbà tó ti sáré dé, ó bi wọ́n pé: "Ta ló kó àwọn ọmọ wọ̀nyí wọ oko lágogo yìí?"

Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Títí di òní, n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dá a lóhùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìbéèrè náà dáadáa. Màmá yẹn kò bèèrè ìdí tí wọ́n fi kó wa wọ oko. Òun náà wà lóko, ó sì jọ pé ibẹ̀ ló ti ń ti kékeré wọ̀. Aago ló bèèrè. Kò sí àgbẹ̀ kan tó ń kọ ebè lọ́sàn-án gangan nínú oṣù kẹta. Gbogbo wọn ti wà lábẹ́ igi. Àwa tí a mọ̀wé nìkan ló wà nínú oòrùn.

Dípò kí àwọn àgbà wa dáhùn ìbéèrè aago, igbó ni wọ́n fòfin dè. Bẹ́ẹ̀ sì ni Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí ó bá jẹ́ pé oòrùn ni wọ́n ń sá fún lóòótọ́, kí ló dé tí oòrùn orí pápá kì í bà wọ́n lẹ́rù? Ní oṣù kejì ọdún yẹn kan náà, ọjọ́ mélòó la fi yan bí sójà lórí pápá láti aago méjìlá, nítorí ìdíje eré ìdárayá àwọn ilé? Ọmọ méjì ṣubú níṣojú mi. Wọ́n gbé wọn sábẹ́ máńgòrò, àwa tó kù sì ń yan lọ. Kò sẹ́ni tó fòfin de yíyan, nítorí àwọn àlejò fẹ́ràn láti máa wò ó.

Mo mọ ohun tí àwọn olùkọ́ kan yóò sọ. Wọ́n á ní a ń kọ́ máàpù kíkà ní kíláàsì, ó tó. Òótọ́ ni pé a ń kọ́ ọ. Ó wà nínú ìdánwò WAEC, nínú Jiọ́gíráfì, olùkọ́ wa sì mọ̀ ọ́n kọ́. N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Mo gba méjìdínlógún nínú ogún nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú máàkì yẹn, mo sọnù láàárín 400 mítà, nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé irin tó bá sún mọ́ kọ́ńpáàsì a máa fa abẹ́rẹ́ rẹ̀. Àdá ló ṣì wá lọ́nà. Èyí kò sí nínú ìbéèrè ìdánwò, nítorí kò sẹ́ni tó ń mú àdá wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Inú igbó nìkan ni a ti lè kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ Ẹrẹdò gan-an sì ń dùn mí ju ti ìdánwò lọ. Ní 1959, òyìnbó kan, Peter Lloyd, ti kọ̀wé lórí odi yìí. Ní àwọn ọdún 1990, òmíràn, Patrick Darling, tún wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn ín, ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń yà á sórí máàpù. Oòrùn yìí náà ló pa wọ́n. Láti 1995 ni ìjọba wa ti fi orúkọ Ẹrẹdò sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO. Síbẹ̀, ọ̀nà ọkọ̀ ti là á kọjá níbi púpọ̀, oko sì ti jẹ apá kan lára rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò mọ ibi tí odi náà gbà kọjá, báwo ni yóò ṣe mọ̀ lọ́jọ́ tí katakátá bá wó o? A fẹ́ kí àgbáyé wá wò ó, a sì ń fi òfin lé ọmọ wa kúrò níbẹ̀.

Ìyá mi ńkọ́? Wọ́n ní, "Bí o bá kú ńkọ́?" Mo kúnlẹ̀ nígbà tí mo ń dá wọn lóhùn, nítorí ìbẹ̀rù tó wà lójú wọn kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n mo ní, màmá mi, ẹ̀yin ni ẹ máa ń jí mi kí ilẹ̀ tó mọ́ láti bá yín ru ẹrù lọ sí ọjà Òkè-Ajé. Ẹ kì í ru ú lọ́sàn-án. Ẹ máa ń ní kí oòrùn má bá wa lọ́nà. Ẹ kò torí oòrùn pa ọjà tì rí, àárọ̀ ni ẹ fi ń ná an. Wọn kò fèsì. Wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ jẹun.

Ohun tí mo ń bèèrè fún kò pọ̀. Kí wọ́n dá eré náà padà, kó bọ́ sí àárín oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní, nígbà tí àárọ̀ máa ń tutù. Kí a gbéra ní kùtù, kí ẹni ìkẹyìn sì ti dé kó tó di aago mẹ́wàá. Kí oníkálukú gbé omi tirẹ̀, kó dé fìlà, kó gbé fèrè kọ́rùn. Kí a máa lọ ní mẹ́ta-mẹ́ta, kó lè jẹ́ pé bí ara ẹnìkan kò bá yá, ẹnìkan yóò dúró tì í, ẹnìkan yóò sì sáré lọ pe àgbà. Kí ẹni tó ní àdá jìnnà sí ẹni tó ní kọ́ńpáàsì. Bí aago mẹ́jọ bá sì lù tí a kò tíì bẹ̀rẹ̀, kí a padà sílé lọ́jọ́ náà, ìbáà jẹ́ gómìnà ni àlejò wa.

Mo ti kọ èyí sínú lẹ́tà, mo sì ti fún olùkọ́ ẹgbẹ́ wa. Wọ́n kà á, wọ́n kán sùúrù sí mi, wọ́n ní àwọn yóò rí i sí. Bí mo ṣe fẹ́ jáde ni mo bi wọ́n pé àwọn àmì wa ńkọ́, aṣọ funfun àti aláwọ̀ ọsàn tí a fi ọwọ́ ara wa rán, nítorí pé lọ́jọ́ tí mo ṣubú, gbogbo ènìyàn sá wọ ọkọ̀, kò sẹ́ni tó kó wọn. Wọ́n ronú díẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti rán ọkùnrin kan lọ kó wọn lóṣù tó kọjá, ó sì wá wọn títí, kò rí ọ̀kan.