Ta Ló Ní Kí Ẹ Jùwọ́ Okùn Sílẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń gun àpáta nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, ẹ jókòó kí n bá yín wí. Mo ń rí fídíò yín. Ọmọ Yorùbá rọ̀ sórí okùn lára àpáta, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, okùn tó yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń fì dirodiro nísàlẹ̀. Wọ́n bi í léèrè, ó ní GriGri, ẹ̀rọ tó ń di okùn mú, ti di òun mú. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?

Petzl, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé tó gbé GriGri jáde ní 1991, kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ni pé ọwọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lára okùn ìsàlẹ̀. Irin kan ló wà nínú ẹ̀rọ náà tó ń yí. Bí okùn bá fà lójijì, irin náà á fún un pọ̀, okùn ò ní lè lọ mọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí okùn bá tín-ín-rín jù, bó bá jẹ́ tuntun tó ń yọ̀, tàbí tí ẹ̀rọ náà bá há mọ́ àpáta, irin yẹn lè má yí tán. Èyí tó wà lọ́jà báyìí, okùn mìlímítà 8.5 sí 11 ni wọ́n ṣe é fún. Ta ló ń wo ìwọ̀n okùn rẹ̀ nínú yín?

Ọ̀rọ̀ hándù ara ẹ̀rọ náà ló ń dùn mí jù. Òun lẹ fi ń tú okùn díẹ̀díẹ̀ kí ẹ lè sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa dì mú pinpin. Bó bá jẹ́ hándù ló dì mú, ṣe ló ń ṣí irin náà sílẹ̀. Yóò máa já wálẹ̀, yóò sì tún máa fà á sí i. Ọwọ́ kejì nìkan ló kù tó lè gbà á. Ọwọ́ yẹn gan-an lẹ gbé sókè fún kámẹ́rà!

Wọ́n ya àwòrán ọwọ́ àti ti ẹni tó ń gun òkè sára ẹ̀rọ náà kí ẹ má baà fi okùn sí i lódì. Ẹlẹ́mu kì í fẹ̀yìn ti igbà láìkọ́kọ́ fà á wò. Kí okùn kúkúrú tó so yín mọ́ àpáta ṣì wà lára yín, ẹ gbé ara lé GriGri, ẹ jẹ́ kó dúró, kí ẹ tó tú okùn kúkúrú náà.

Brad Gobright, ọmọ Amẹ́ríkà, mọ iṣẹ́ yìí ju gbogbo yín lọ. Ní 2017, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ gun ọ̀nà The Nose lórí àpáta El Capitan ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 19. Ní November 2019, ní El Potrero Chico ní Mẹ́síkò, òun àti ẹlòmíràn ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí apá okùn tirẹ̀. Apá kan kúrú ju èkejì lọ, wọn kò sì ta kókó sí ìdí rẹ̀. Okùn tán mọ́ Gobright lára, ó já bọ́, ó kú. Ọmọ ọdún 31 ni. Kò sí ẹ̀rọ tó lè di okùn tó ti tán mú.

Nítorí náà, ẹ pa fídíò wọ̀nyẹn rẹ́. Ìdí okùn méjèèjì, ẹ ta á ní kókó kí ẹ tó jù ú sísàlẹ̀, ì báà jẹ́ pé ilẹ̀ ti ń ṣú.