Ta Ni Yóò Máa Ṣiṣẹ́ Nínú Kíláàsì?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ọmọ ẹgbẹ́ wa, nígbàkúùgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí àtúnṣe àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Fìdítì, Ìlọrà àti àwọn ìlú Afijió yòókù, ìbéèrè kan ni ó sábà máa ń ṣíwájú: nígbà wo ni kọ̀ǹpútà yóò dé? Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n òmíràn ni ó yẹ kí ó ṣáájú rẹ̀: bí kọ̀ǹpútà bá dé, ta ni yóò máa ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì, ṣé olùkọ́ nìkan ni tàbí akẹ́kọ̀ọ́?

Ẹ jẹ́ kí a rántí wàláà ilé-kéú. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ni ó ní tirẹ̀. Èyí tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kà á fún àáfáà, yóò fọ wàláà, yóò sì gba iṣẹ́ mìíràn. Èyí tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n yóò dúró lórí rẹ̀. Pákó lásán ni wàláà. Ìlànà tí a fi ń lò ó ni ó sọ ọ́ di ohun èlò ìmọ̀.

Ní ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdírì àgbà. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ni, tí wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sí nínú. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó wà nínú ẹ̀rọ, ìwé náà ni. Bí olùkọ́ bá ṣì ń pè, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ń dà á kọ láti àárọ̀ dé ọ̀sán, bébà nìkan ni a pààrọ̀, a kò tíì pààrọ̀ ẹ̀kọ́.

Ẹ wá wo ìlú Bìní ní ọdún 2024. Fún ọ̀sẹ̀ 6, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ṣíwọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní sẹ́kọ́ńdírì àgbà jókòó ní méjì-méjì sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń lo Copilot, ẹ̀rọ tí ń fèsì ìbéèrè, láti kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn olùkọ́ sì ń tọ́ wọn sọ́nà. Nígbà tí Báńkì Àgbáyé yẹ èsì rẹ̀ wò, àwọn tí ó kópa ṣe dáadáa ju àwọn tí kò kópa lọ. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ méjì ni ó pín ẹ̀rọ kan, olùkọ́ kò sì fi wọ́n sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Nítorí náà, kò yẹ kí a káwọ́ gbera títí ọgọ́rùn-ún kọ̀ǹpútà yóò fi dé. Fìdítì ni ìlú tí a mọ̀ mọ́ ọsàn. Kí olùkọ́ ìṣirò pín kíláàsì sí ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, kí wọ́n lọ bèèrè iye owó ọsàn lọ́jà, kí wọ́n fi fóònù kan ṣoṣo tí ó wà lọ́wọ́ olùkọ́ gba ohùn àwọn òǹtajà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí àwọn ọmọ fúnra wọn ṣírò èrè àti àdánù, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì ṣàlàyé fún ìyókù. Èyí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ, kí ó ya apá kan owó náà sọ́tọ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ àti fún iná sólà. Kọ̀ǹpútà tí a tì mọ́ inú yàrá, ẹrù ni, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ ẹ̀rọ lò, ẹ yọ̀ǹda wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún àwọn olùkọ́ ìlú yín. Ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ́ wọn ní ohun tí ẹ mọ̀, kí àwọn náà lè fi kọ́ àwọn àbúrò yín.