Iná Ní Àlọ, Ó Sì Ní Àbọ̀

Àwọn kan wà nínú wa ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí tí wọ́n gbà pé oríkì, ẹsẹ Ifá àti gírámà ni iṣẹ́ wa mọ sí. Èmi kò bá wọn gbà á. Ọ̀rọ̀ wáyà ni mo mú wá, àní wáyà tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ní Ajégúnlẹ̀, nítòsí èbúté Àpápá.

Ẹni tí ó bá ní pátákó Arduino Uno lọ́wọ́ (ní Ítálì ni Arduino ti bẹ̀rẹ̀ ní 2005) yóò rí i pé ihò kan ṣoṣo ni iná fólítì 5 ní létí rẹ̀, mẹ́ta sì ni ti èyí tí Òyìnbó ń pè ní ground. Bí ó bá wá fẹ́ tan gílóòbù wẹ́wẹ́ mẹ́fà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ a lọ́ gbogbo wáyà pọ̀, wọn a fi téèpù dì í. Bí tábìlì bá mì, iná a kú. Pátákó oníhò, tí a kì í jó lẹ́ẹ̀dì sí, dára ju èyí lọ. Ìlà pupa àti ìlà búlúù wà létí rẹ̀. Gbogbo ihò tí ó tẹ̀ lé ìlà kan, irin kan náà ni ó so wọ́n pọ̀ nísàlẹ̀. Wáyà kan yóò gbé iná wá sí ìlà pupa, òmíràn yóò so ìlà búlúù mọ́ ground, gbogbo ìyókù yóò sì máa mu níbẹ̀. (Kí ó ṣọ́ra o: nínú àwọn pátákó gígùn kan, irin náà já láàárín.)

Orúkọ ground yìí ni ìjà mi. Bí a bá ní kí a túmọ̀ rẹ̀, “ilẹ̀” ni yóò kọ́kọ́ sáré wá sẹ́nu. N kò fọwọ́ sí i. Áàtì tí àwọn oníná ń rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, ìyẹn bá ilẹ̀ tan. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wo ni ó wà nínú ohun tí bátìrì ń gbé ṣiṣẹ́ lórí tábìlì? Ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí orísun rẹ̀ ni. Yorùbá sì ti ní àlọ àti àbọ̀ tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí a pe ìlà pupa ní àlọ, kí a pe ti búlúù ní àbọ̀.

Ẹ wo bí orúkọ náà ti ń kọ́ni. Ká ní bátìrì kan ń gbé mọ́tò, tí òmíràn ń gbé pátákó tí ń pàṣẹ fún un. Àlọ wọn lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n àbọ̀ wọn gbọ́dọ̀ pàdé. Fólítì 5 kì í dá dúró: iye tí ojú kan fi ga ju èkejì lọ ni. Bí àbọ̀ kò bá pa pọ̀, kò sí ohun tí a ó fi wọn àṣẹ náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí gbogbo ẹrù bá gba orí wáyà àbọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan padà, wọn a máa dí ara wọn lọ́wọ́ bí tírélà tí ń ti Àpápá jáde.

Wọn yóò ní ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni ó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Òtítọ́ ni. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ wúlò fún wa gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ó dá lé. Láti 1970 sì ni ètò Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Ìgbò àti Ùròbò ti jọ ń gbé, pijin ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nídìí iṣẹ́. Bí a bá jáfara, Yorùbá kò ní rí àyè jókòó níbẹ̀.

Mo dábàá pé ní ìsinmi tí ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ wa rán ẹni mẹ́rin lọ sí ìsọ̀ àwọn tí ń tún rédíò ṣe, kí wọ́n mú ìwé àti bírò dání, kí wọ́n gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pe nǹkan wọ̀nyí. Èmi yóò jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.