Wọ́n Ní Eré Ni

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń bí mi nínú nígbàkúùgbà tí mo bá bá a pàdé nínú ìwé àwọn òyìnbó. Ọ̀rọ̀ náà ni "Eré Ńlá". Ìjà tí Rọ́ṣíà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jà láyé ọjọ́un nítorí àárín gbùngbùn Éṣíà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Rudyard Kipling ni ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nínú ìwé rẹ̀, Kim, ní ọdún 1901. Lóde òní tí Rọ́ṣíà, Ṣáínà àti Amẹ́ríkà ń du epo Kasakstán, gáàsì Túrkmẹ́nístán àti ojúure Usbẹkístán, orúkọ kan náà ni wọ́n tún gbé jáde.

Àwa tí a ń ta ayò mọ ohun tí eré jẹ́. Nídìí ọpọ́n, ọ̀ta wà, òpè wà, òǹwòran náà wà tí ń pariwo. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń bi ọmọ ayò léèrè pé ihò wo ni ó wù ú láti wọ̀? Ìdí rẹ̀ nìyí tí orúkọ náà fi dùn lẹ́nu àwọn alágbára. Bí wọ́n bá ti pe ìjà ní eré, ọmọ ènìyàn di ọmọ ayò nìyẹn.

Ẹ wo Andijan ní Usbẹkístán. Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 2005, àwọn ọmọ-ogun Islam Karimov da ìbọn bo èrò tí ó péjọ sí gbàgede ìlú náà. Ìjọba ní ènìyàn 187 ni ó kú. Àwọn tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní iye wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí Karimov fi gúnlẹ̀ sí Beijing, tí wọ́n yin ìbọn ńlá láti fi yẹ́ ẹ sí, tí wọ́n sì bá a tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn epo. Amẹ́ríkà ní àfi kí wọ́n ṣe ìwádìí. Kí ọdún náà tó parí, Karimov ti lé àwọn ọmọ-ogun wọn kúrò ní ibùdó Karshi-Khanabad. Ẹ má tètè yin Amẹ́ríkà o. Láti ọdún 2001 ni wọ́n ti wà níbẹ̀, ojú wọn kò sì fọ́ sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n Karimov.

Ṣùgbọ́n ti Túrkmẹ́nístán ni ó dùn mí jù, nítorí pé èdè ni iṣẹ́ mi. Saparmurat Niyazov, tí ó ṣe olórí wọn títí ó fi kú ní ọdún 2006, sọ oṣù kìn-ín-ní ní oyè ara rẹ̀, ó sì sọ oṣù kẹrin ní orúkọ ìyá rẹ̀. Ní 2001, ó fòfin de opera àti ballet. Ní 2005, ó ti àwọn ilé-ìkàwé ìgbèríko pa. Ìwé kan ṣoṣo ni ó kù tí ó ka sí ìwé: Ruhnama, tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ọmọ ilé-ìwé gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ń wá ìwé-àṣẹ ìwakọ̀ pàápàá gbọ́dọ̀ yege nínú rẹ̀. Kí ni àwọn tí ń wá iṣẹ́ àti gáàsì ibẹ̀ wí sí i? Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ ni! Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ DaimlerChrysler ni ó mú un wọ èdè Jámánì. Ẹ bá mi wá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tí yóò sanwó kí a lè túmọ̀ ìwé Yorùbá kan péré sí èdè náà.

Àwọn kan yóò ní àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ ayò, pé àwọn náà ń ta ayò tiwọn. Wọn kò purọ́. Nígbà kan, páìpù Rọ́ṣíà ni ọ̀pọ̀ jù lọ gáàsì Túrkmẹ́nístán ń gbà jáde. Ní oṣù kejìlá ọdún 2009 ni wọ́n ṣí páìpù tí ó lọ sí Ṣáínà, Hu Jintao fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ta ayò náà? Gurbanguly Berdimuhamedow ni, tí ó gbé ìjọba fún ọmọ rẹ̀ Serdar ní ọdún 2022 bí ẹni gbé agbádá.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 yìí kan náà, àwọn ará Zhanaozen ní Kasakstán tú síta nítorí pé iye owó gáàsì ọkọ̀ ti di ìlọ́po méjì. Ìwọ́de náà tàn dé Almaty, Ààrẹ Tokayev ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ-ogun tí Rọ́ṣíà kó sòdí, àwọn tí ó kú sì ju igba lọ. Ìlú epo ni Zhanaozen. Níbẹ̀ náà ni ọlọ́pàá ti yìnbọn pa ènìyàn tí kò dín ní 14 ní oṣù kejìlá ọdún 2011, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù.