Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Sunkún, Ṣùgbọ́n Kó Máa Ríran

Ní ọjọ́ kan, mo bá ọmọbìnrin mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ashaiman, ó ń sunkún. Mo rò pé ẹnìkan ló nà án. Àṣé ìwé ló ń kà: Little House on the Prairie, tí Laura Ingalls Wilder kọ ní 1935. Ó ti dé ibi tí bàbá Laura ti kó ìdílé rẹ̀ kúrò nínú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, nítorí ó gbọ́ pé sójà ń bọ̀ wá lé wọn.

"Mọ́mì, kí ló dé tí wọ́n fẹ́ lé wọn nínú ilé wọn?"

Mo ní, "Ta ló ni ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ sí?"

Kò mọ̀. Ìwé náà kò jẹ́ kó ronú sí i.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà fún àwọn tó ń sọ pé ìwé ọmọdé lásán ni. Ilẹ̀ àwọn Osage ni, ní Kansas. Láàárín 1869 sí 1871 tí ìdílé Ingalls fi gbé ibẹ̀, wọn kò gba àyè lọ́wọ́ onílẹ̀. Síbẹ̀, ìwé náà kọ́kọ́ sọ pé kò sí ènìyàn níbẹ̀, àwọn Íńdíà nìkan ló wà. Ó di 1953 kí wọ́n tó tún un ṣe. Fún ọdún 18, ọmọdé ń kà á pé onílẹ̀ kì í ṣe ènìyàn!

Àwọn mìíràn ní kí n jó ìwé náà. Èmi ò ní jó o. Ní 2018, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ọmọdé ní Amẹ́ríkà yọ orúkọ Wilder kúrò lára ẹ̀bùn wọn, ṣùgbọ́n wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni má ka ìwé rẹ̀ mọ́. Ẹkún Laura kì í ṣe irọ́. Bí a bá sì ń sunkún, à máa ń ríran.

Ta ló yẹ kó mọ èyí ju àwa Yorùbá Ghana lọ? Ní 18 November 1969, ìjọba Busia fún àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tajà ní Tamale fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀. Ní 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Ghana. Orúkọ báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù kò tíì kúrò lẹ́nu wa. Mo wá ìwé ìtàn tí ọmọ mi lè fi sunkún fún àwọn wọ̀nyí. Mi ò rí ọ̀kan.

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé wa, kí lẹ ń dúró dè? Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kó dùn, kí ọmọ má lè gbé e sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ bí ẹni pé àwa la kọ́kọ́ dé ibi gbogbo. Kí èbúté Tema tó wà, àwọn apẹja ń gbé ibẹ̀. Wọ́n kó wọn kúrò nítorí rẹ̀. Àwọn tó wá kọ́ èbúté náà, tí kò ríbi gbé ní Tema, wà lára àwọn tó sọ Ashaiman di ìlú ńlá.

Ọmọ mi ka ìwé náà tán. Ohun tó béèrè lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé, "Mọ́mì, ilẹ̀ tí a wà yìí ńkọ́? Ta ló ni ín?"

Ìwé tó bá máa dáhùn ìbéèrè yẹn ni mo ń bẹ̀ yín fún.